Ìgò Mẹ́fà Nínú Ẹ̀wù Ẹlẹ́wù

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ wa lórí òkú ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́. Ohun tó bá Yesenia Ordaz nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá oògùn ní ilé-ìwòsàn Pruitt, ìlú kékeré kan láàárín pápá àlìkámà ní Kansas. Gus Leiker, olórí apòògùn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, nà gbalaja sílẹ̀ láàárín pẹpẹ méjì. Odó bàbà tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn létí. Yesenia kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn bàbá náà, ó tutù. Ìgbà náà ló pe ọlọ́pàá.

Kó tó di aago mẹ́jọ, ìlú ti gbọ́. Ní Pruitt, bí ẹnìkan bá sín níhà àríwá, wọ́n á ti kí i pẹ̀lẹ́ níhà gúúsù.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Marlys Stramel ni kaúńtì, ìjọba àgbègbè náà, rán wá. Opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ọmọ àgbẹ̀. Marlys arọra-wòran-bí-ológbò, a-gbọ́-irọ́-má-bínú, ẹni tí ọ̀daràn rí tó ní ìyá arúgbó lásán ni, tó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ túbú. Ṣẹ́rífù Vernon Toll, olórí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Má wulẹ̀ bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ, Marlys. Ó ti parí."

"Kí ló parí?"

"Ọmọbìnrin Ordaz yẹn ni. A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó ẹrù rẹ̀ sí, ìgò oògùn mẹ́fà la bá níbẹ̀, wọ́n wé wọn sínú síwẹ́tà rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní sítíkà àwọ̀ ewé lára. Ó ń jí wọn tà síta, bàbá ká a mọ́ ọn, ó fi odó fọ́ ọ lórí. Àná, lọ́sàn-án Sunday ni, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Mo ti bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló máa fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án."

"Ta ló ní ó ń jí oògùn?"

"Ọ̀gá àgbà ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ṣé ó tán nínú ẹ báyìí?"

"Oúnjẹ ló máa ń tán nínú mi, Vernon. Yẹra lọ́nà."

Ó wọ yàrá náà. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí tábìlì Gus, ìdì sítíkà àwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, ó tú sílẹ̀ bí okùn. Páálí ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lára ògiri, bí ó ṣe máa ń wà nírú ibẹ̀. Nínú agolo ìdọ̀tí ló ti rí ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ti ọwọ́ ọ̀tún. Sítíkà ewé tó ti ya sí méjì lẹ̀ mọ́ ìka àtàǹpàkò rẹ̀ pinpin. Marlys fi irin kékeré mú un, ó sì jù ú sínú àpò ẹ̀rí.

Preston Wickham, ọ̀gá àgbà, ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, táì rẹ̀ gún bí ọ̀pá. Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó ti Kansas City dé.

"Inú mi bàjẹ́, Ìnsípẹ́kítọ̀," ó ní. "Ọjọ́ Ẹtì ni Gus wá bá mi. Ó ní oògùn onísítíkà ewé ń dínkù lórí pẹpẹ, òun sì ń fura sí Yesenia. Mo ní kó jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. Ká ní mo mọ̀!"

"Ó sọ pé onísítíkà ewé ni?"

"Ohun tó sọ gan-an nìyẹn."

Marlys kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wí i.

Nígbà tí wọ́n mú Yesenia jáde, èèyàn bí ogójì ti pé síwájú ilé-ìwòsàn. Àwọn tó ti bá a ṣeré lójú fèrèsé oògùn ní ọjọ́ Ẹtì ló ń wò ó bí ejò. Lyle Befort, àgbẹ̀ gìrìpá kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, ló pariwo jù.

"Apànìyàn! Kí ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá!"

Yesenia yíjú sí i. "Garden City ni wọ́n ti bí mi, Lyle. Wákàtí kan àbọ̀ ni mọ́tò ń gbà débẹ̀."

Lyle da kọfí ọwọ́ rẹ̀ lù ú. Ọlọ́pàá tó di Yesenia mú rí i, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kọfí ṣì ń rùn lára aṣọ Yesenia. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó tín-ín-rín, ó sì jókòó ṣánṣán. Marlys gbé omi síwájú rẹ̀.

"Kọ́kọ́ sọ fún mi. Kí ni sítíkà ewé?"

"Wọn ò tíì sọ fún yín ni, mà?"

"Wọ́n sọ. Tìrẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

"Òfin ìjọba àpapọ̀ kan ló fà á. Ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn máa ta oògùn ní ẹ̀dínwó ńlá fún ilé-ìwòsàn tó ń tọ́jú tálákà àti ará oko. Èyí tá a bá rà bẹ́ẹ̀ la máa ń lẹ sítíkà ewé mọ́. Aláìsàn tiwa nìkan la lè fún. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n lè lé wa kúrò nínú ètò náà."

"Bí wọ́n bá lé yín ńkọ́?"

"A ó ti ilẹ̀kùn nìyẹn, mà. Kò ní tó oṣù mẹ́fà."

"Ta ló ń lẹ sítíkà?"

"Èmi. Ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Gus ló kọ́ mi. Ó kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ládùúrà."

Ó fi apá aṣọ nu ojú. Marlys kò tù ú nínú.

"Ta ló ń bá Gus jà?"

Yesenia rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ẹ ì bá bi mí pé ta ni kò bá a jà. Ọjọ́bọ̀ yìí ló yẹ kó lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin ní Topeka, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Àbá òfin kan wà níbẹ̀. Ó fẹ́ fi dandan mú àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn pé kí wọ́n máa kó oògùn ẹlẹ́dìnwó wa dé kẹ́míìsì tá a bá bá ṣe àdéhùn, bíi ti Delbert Urban láàárín ìlú. Wọ́n ti dáwọ́ ìyẹn dúró láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìlú ló fẹ́ kí àbá náà wọlé."

"Gus kò fẹ́ ẹ?"

"Ó fẹ́ ẹ, mà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní tìtorí rẹ̀ parọ́. Ó ní òun á sọ fún wọn pé òfin jẹ́ ká ra oògùn ní pọ́ọ́kú, kò sì sọ pé dandan ni ká tà á ní pọ́ọ́kú. Ínsúlìn tá a ń rà ní sẹ́ńtì mélòó kan, ọ̀ọ́dúnrún dọ́là la ń tà á fún ẹni tí kò ní ìbánigbófò. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo kún un: kí ẹ̀dínwó dé ọwọ́ aláìsàn. Ó máa ń ka ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ sókè létí mi bí mo ṣe ń ka oògùn. Ó ní òun á kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí òun tó lọ."

"O ní ẹlẹ́rìí fún ọ̀sán Sunday?"

"Mo ń sùn. Èmi nìkan ni mò ń gbé." Ó wo tábìlì. "Ohun tí mo bá sọ, wọn ò ní gbà. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ṣé wọ́n máa tì mí mọ́lé títí ayé ni, mà?"

"Mi ò mọ̀," Marlys dá a lóhùn. "Ọjọ́rú kò jìnnà. Jẹun."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Marlys wọ kẹ́míìsì Delbert Urban. Bàbá náà dúró lẹ́yìn tábìlì gíga, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ka oògùn ní márùn-ún márùn-ún sínú ìgò. Kò gbójú sókè.

"Bó bá jẹ́ ẹjọ́ Gus lẹ bá wá, ẹ dúró kí n kà á tán. Bí mo bá ṣì í kà, ẹlòmíràn ni yóò kú."

Marlys dúró. Nígbà tó kà á tán, ó bi í pé: "Wọ́n ní ẹ̀yin àti Gus pariwo mọ́ra yín níwájú ilé ìfowópamọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"A pariwo. Mo pè é ní òmùgọ̀. Mo tún fi ìyá rẹ̀ kún un." Urban ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dúró de àbá òfin yẹn! Àwọn aláìsàn ilé-ìwòsàn tó ń gbé oko, wọ́n ń wakọ̀ maili ogún wọ̀lú, wọ́n ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá kí wọ́n tó rí oògùn gbà. Ṣọ́ọ̀bù mi ń kú lọ. Gus wá ní òun á lọ ka ẹ̀ṣẹ̀ ilé-ìwòsàn fún àwọn aṣòfin létí? Ẹni tó ń tọrọ aṣọ kì í sọ fún aláṣọ pé ara òun ń rùn."

"Nítorí náà ẹ pa á."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin yìí! Mo bá a ṣọ̀tá, n ò sẹ́. Ìwọ̀n là ń bá ni ṣọ̀tá mọ. Ní ọ̀sán Sunday, mo wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta àti búrẹ́dì dídùn fún igba èèyàn. Fadá Schmidtberger fúnra rẹ̀ gba abọ́ mẹ́ta. Ẹ lọ bi í bóyá iwin ló bù ú fún un."

"Ó dáa. Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ẹ rò pé ó jí oògùn ẹlẹ́dìnwó tó gbówó lórí?"

Urban pòṣé. "Ẹlẹ́dìnwó tó gbówó lórí! Ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yẹn? Oògùn tó gbówó lórí jù, ti àwọn àrùn tó ṣọ̀wọ́n, ilé-ìwòsàn oko bíi tiwa kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó rẹ̀. Òfin yọ ọ́ sílẹ̀ gedegbe. Iye tí èmi ń rà á ni Gus ń rà á. Àwọn ilé-ìwòsàn ńláńlá ìgboro ló ń jẹ ẹran yẹn, egungun ni wọ́n jù fún wa. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láàárọ̀ mọ̀ ọ́n."

Marlys pa ìwé rẹ̀ dé, ó kí bàbá náà, ó jáde. Ó wakọ̀ lọ tààrà sí yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí. Ó gbé àwọn ìgò mẹ́fà náà síta, ó sì ka ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sára wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fara balẹ̀ kà. Oògùn àrùn ẹ̀jẹ̀ kan ni, àrùn tí ẹyọ obìnrin kan péré ní nínú gbogbo kaúńtì náà. Ó jókòó tì wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe yàrá àyẹ̀wò ìjọba, tó ti fi mẹ́ta nínú sítíkà náà ránṣẹ́ sí láti àná.

"Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn wọn," ó ní. "Ibi tí gọ́ọ̀mù wà."

*

Ọ́fíìsì Wickham tutù, ó mọ́, ó sì kún fún fọ́tò Wickham. Nínú èyí tó tóbi jù, ó bá gómìnà àtijọ́ kan bọ ọwọ́ níwájú ilé alájà mẹ́rìnlá.

"Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá," ó ní. "Kansas City. Ibùsùn ẹgbẹ̀ta. Èmi ni mò ń bójú tó ètò oògùn ẹlẹ́dìnwó wọn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní Pruitt lè kọ́ mi nípa rẹ̀."

"Kò sí," Marlys gbà fún un. "Kí ni Gus fẹ́ lọ sọ ní Topeka?"

"Ó fẹ́ ti àbá náà lẹ́yìn, bíi ti gbogbo wa. Èmi ni n óò lọ dípò rẹ̀ báyìí. N óò ka orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á sunkún."

"Mo gbọ́ pé ó fẹ́ fi ìlà kan kún un."

Ojú Wickham kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tún táì tí kò wọ́ ṣe. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Olè yẹn? Ìyáàfin Stramel, mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín. Ẹ̀ ń fi àsìkò ìjọba ṣòfò. Bí ẹ bá ń ṣàánú ọmọ yẹn torí pé ó tín-ín-rín, n óò bá àwọn kọmíṣọ́nnà kaúńtì sọ ọ́."

"Ẹ bá wọn sọ ọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ yín nínú yàrá ìpàdé. Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ nípa oògùn. Ẹ ṣáà ní kò sí ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyìn kì í korò lẹ́nu agbéraga.

*

Ní aago mẹ́wàá Ọjọ́rú, tábìlì mẹ́ta wà nínú yàrá ìpàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ògiri tirẹ̀. Ìgò oògùn mẹ́jọ ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìdì sítíkà àwọ̀ ewé. Urban jókòó sí àkọ́kọ́, ó ń kùn. Yesenia, tí ọlọ́pàá kan dúró tì, jókòó sí ìkejì. Wickham gba ìkẹta. Ṣẹ́rífù Toll fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń wo aago. Obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ jókòó sí igun, àpótí dúdú kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Eré ọmọdé wo rèé, Marlys?" Toll ní. "Agbẹjọ́rò ìjọba máa dé ní aago méjìlá."

"Kó máa bọ̀. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbọ́. Ká sọ pé ilé-ìwòsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọn ìgò wọ̀nyí ni. Ẹ lẹ sítíkà mọ́ èyí tí òfin bá gbà kí ó ra ní ẹ̀dínwó. Ẹ má wo ara yín, ẹ má sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀gàn ni èyí," Urban kùn.

"Mo ní ẹ má sọ̀rọ̀, Delbert."

Yesenia ṣe é bí ẹni ń mí. Urban wo ìgò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Wickham ló kọ́kọ́ parí. Marlys rìn yí ká. Níwájú Yesenia, mẹ́fà ní sítíkà, méjì wà níhòòhò. Níwájú Urban, mẹ́fà ní sítíkà, méjì kan náà wà níhòòhò. Níwájú Wickham, mẹ́jọ ló wọ ewé, gbogbo wọn tò bí ọmọ ogun.

Urban yí ọrùn, ó rí tábìlì Wickham, ó sì fọwọ́ lu itan.

"Jésù Olúwa! Òpè ni ọkùnrin yìí!"

"Kí ló dé?" Wickham bi. "Kí ló ṣe?"

Marlys mú ìgò kan tí kò ní sítíkà sókè lórí tábìlì Yesenia. "Yesenia, kí ló dé tí o kò lẹ nǹkan kan mọ́ èyí?"

"Oògùn àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni, mà. Ilé-ìwòsàn oko kì í rí ẹ̀dínwó lórí rẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Gus mú kí n fi èékánná họ ọ́ kúrò, ó sì ní kí n ka òfin náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

"Vernon, súnmọ́ ibí. Oògùn yìí ni o bá nínú síwẹ́tà rẹ̀, ìgò mẹ́fà. Gbogbo wọn ló sì ní sítíkà."

Toll súnmọ́ ọn, ó wo ìgò náà.

"Ìgò wọ̀nyẹn wà lórí pẹpẹ Gus láìní sítíkà," Marlys ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹni tó pa á ló lẹ sítíkà mọ́ wọn. Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Torí ó fẹ́ purọ́ pé oògùn onísítíkà ewé ló ń sọnù, ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá irọ́ ẹnu rẹ̀ mu. Ó mú èyí tó gbówó lórí jù, kí ìlú lè gbà pé ó tó pa èèyàn sí. Yesenia kò lè ṣe é. Delbert kò lè ṣe é. Kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí lóko tó lè ṣe é. Ẹni tó kọ́ ọ ní ilé-ìwòsàn ńlá ìgboro, níbi tí òfin ti gba ẹ̀dínwó lórí oògùn kan náà, òun ló lè ṣe é, kó sì dá a lójú. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ọ̀gbẹ́ni Wickham, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Gus ní onísítíkà ewé ń sọnù."

Wickham dìde. "Àìmọ̀ kì í ṣe ìpànìyàn! Mo ṣì í, mo gbà. Àwọn tó wà lábẹ́ mi ló ń bójú tó o. Ṣé ìyẹn lẹ máa gbé lọ sí kóòtù? Adájọ́ á fi yín rẹ́rìn-ín."

"Ìyẹn nìkan? Á fi mí rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ẹ jókòó." Marlys yíjú sí igun. "Ìyáàfin Ruder láti yàrá àyẹ̀wò ìjọba nìyẹn. Ẹni tó lẹ sítíkà wọ̀nyẹn wọ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà àti gọ́ọ̀mù kì í jọ gbé. Sítíkà àkọ́kọ́ ya mọ́ ọn lọ́wọ́, inú bí i, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún sọ nù, ó fi ọwọ́ lásán ṣí àwọn yòókù. Ó nu ara ìgò. Ó nu ojú sítíkà. Kò ṣeé ṣe fún un láti nu ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò kan wà nínú gọ́ọ̀mù náà tó hàn ketekete. Kì í ṣe ti Yesenia, kì í ṣe ti Delbert. Ìjọba ti ní tiwọn lọ́wọ́ torí ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn. Tiyín nìkan ni kò sí níbìkan." Ó tọ́ka sí ìgò mẹ́jọ tó wà lórí tábìlì náà. "Ó ti wà báyìí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fún wa ní mẹ́jọ."

Ìyáàfin Ruder ti wọ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀. Ó fi irin ṣí sítíkà kan, ó gbé e sábẹ́ awò, ó wò ó mọ́ fọ́tò kan. Ó ṣí èkejì. Kò yára. Nígbà tó gbójú sókè, orí ló fi sọ pé àtàǹpàkò kan náà ni.

Wickham wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Nígbà tó sọ̀rọ̀, gbogbo ohùn ọ́fíìsì ti bọ́ lọ́fun rẹ̀.

"Ẹ ò mọ nǹkan kan. Gbogbo yín ẹ ò mọ nǹkan kan! Èrè orí ínsúlìn yẹn ló ń san owó dókítà. Òun ló jẹ́ kí aboyún yín má wakọ̀ lọ sí àádọ́rùn-ún maili. Bó bá lọ sọ̀rọ̀ yẹn, àwọn agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ oògùn á gbá a mú bí ajá gbá egungun mú, àbá á kú, ilé-ìwòsàn yìí á tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá yẹn fún wákàtí kan! Ó ní òun ò lè fi irọ́ ra òtítọ́. Ó ṣe bí wòlíì sí mi lójú. Sí èmi!"

"Lẹ bá gbé odó," Marlys sọ.

"Mo gba ilé-ìwòsàn yìí là."

"Kí ló dé tó jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi kọ́kọ́rọ́ àgbà ṣí? Ṣé òun náà ní àbá òfin tó fẹ́ pa?"

Wickham kò wo Yesenia. "Wọ́n á tètè gbà á gbọ́ pé òun ni," ó ní, bí ẹni ń ṣàlàyé ohun tó rọrùn. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe tètè gbà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà Toll níbi tó dùn ún. Ó pupa títí dé etí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Irọ́ lè sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Wickham kò tilẹ̀ sá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

"Ordaz," Toll ní, láìbojú wo ẹ̀yìn, "o lè máa lọ."

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nìyẹn tán, sà?"

Toll ti Wickham jáde. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wọn. Marlys bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó gbé e lé Yesenia léjìká, torí síwẹ́tà ọmọ náà ṣì wà nínú àpò ẹ̀rí.

"Wọ́n ń wá ẹni tó máa lọ sọ̀rọ̀ ní Topeka lọ́la," ó ní. "Ìwé ọ̀rọ̀ Gus wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba bí ẹ̀rí, wọn ò ní yọ̀ǹda rẹ̀."

"N ò nílò ìwé, mà. Ó ti kà á fún mi títí tó fi sú mi."

*

Fèrèsé oògùn ti wà ní títì láti Ọjọ́ Ajé. Nígbà tí Yesenia ká ilẹ̀kùn irin rẹ̀ sókè ní aago kan ọ̀sán, èèyàn mọ́kàndínlógún ló tò síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo fóònù, ẹnìkan ka ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà lára ògiri bí ẹni ń ka Bíbélì. Lyle Befort ló wà níwájú. Ínsúlìn rẹ̀ ti tán láti àná, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọjọ́ ìbí?" Yesenia béèrè.

"O mọ̀ mí, Yesenia."

"Ọjọ́ ìbí."

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta." Ọwọ́ Lyle ń wá nǹkan ṣe lórí pákó fèrèsé. "Ní ti kọfí ọjọ́sí..."

"Ìlà ń dúró, Lyle."

Ó gbé páálí náà wá láti inú fíríìjì, ó wo sítíkà ewé tó wà lára rẹ̀, ó sì tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Lyle ti na ọ̀ọ́dúnrún dọ́là síta, gbogbo rẹ̀ ká wérewère bí owó tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ nǹkan. Yesenia mú dọ́là kan níbẹ̀, ó ti ìyókù padà, ó sì ka ẹyọ sẹ́ńtì mélòó kan lé e lórí.

Lyle wo owó náà, ó wo ọmọ náà. "Kí lèyí?"

"Iye tí ilé-ìwòsàn rà á nìyẹn."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ẹni tó lè sọ pé kí n má ṣe é wà nínú mọ́tò ṣẹ́rífù," Yesenia dáhùn, ó sì gbójú sókè wo ìlà náà. "Ẹni tó kàn. Ọjọ́ ìbí?"